Ọ̀rọ̀ Tí Tóyìn Sọ Nínú Mọ́tò

Olútóyìn kì í lọ sí ọjà Al Ras ní Deira, nílùú Dubai. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ní Al Nahda, àdúgbò tó ń gbé ní Sharjah. Tó bá fẹ́ ra èlò ọbẹ̀, tó bá fẹ́ ra aṣọ tí yóò fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, Kàfáyàt ló máa ń bẹ̀ níṣẹ́. Kàfáyàt yìí, tí wọ́n ti jọ ń gbé yàrá kan náà láti ìgbà tí kálukú wọn ò ní ju bedspace kan lọ, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo nínú yàrá èrò, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Madam sátẹ́láìtì! Èèyàn tó ń rán nǹkan lọ sójú òfuurufú, kò lè wọ métírò dé Deira!" Tóyìn á rẹ́rìn-ín, á ní iṣẹ́ ló pọ̀. Irọ́ ni o. Ojú ló ń tì í. Ọkùnrin kan wà ní Al Ras tí Tóyìn kò fẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì pàdé.

Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá Tóyìn, obìnrin tó jẹ́ pé tó bá wúkọ́ lásán, gbogbo kíláàsì á pa rọ́rọ́. Nínú ilé wọn, ọmọ kì í sọ fún àgbà pé "kò rí bẹ́ẹ̀." Bí bàbá bá ní Mọ́ńdè ni òní tí í ṣe Sọ́ńdè, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni wàá wí, wàá wá lọ wo kàlẹ́ńdà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," bẹ́ẹ̀ ni ìyá á máa wí, á sì fa ọmọ létí kó lè wọ̀ ọ́ lára. Tóyìn gbọ́. Àfi bíi pé ó gbọ́ jù.

Ó kàwé nípa kọ̀ǹpútà, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ kò ríṣẹ́. Ajẹ́ntì kan wá fi iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Dubai tàn wọ́n nílé. Nígbà tó máa débẹ̀, yúnifọ́ọ̀mù sikiọ́ríìtì ni wọ́n nà sí i. Ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ni òun àti Kàfáyàt ń dúró sí, wọ́n ń kí àwọn tó ń wọlé títí ẹsẹ̀ fi ń wú, wọ́n á wá wọ bọ́ọ̀sì padà sí Sharjah níbi tí owó ilé ti rọjú díẹ̀.

Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Sharjah ló ti pàdé ẹ̀gbọ́n Ọládèjì. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọkùnrin aláwàdà tí ohùn rẹ̀ ń mi bẹ́ǹṣì. Iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe sátẹ́láìtì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Dubai, sátẹ́láìtì tí kò tóbi ju fíríìjì kékeré lọ. Sọ́fítíwíà rẹ̀ ló ń kọ, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lé nígbà tó bá ti wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọ aráyé kò ti ní tó o mọ́. Lọ́jọ́ tó gbọ́ ohun tí Tóyìn kà, ó pariwo: "Ìwọ yìí! Ẹnu ọ̀nà lo wá ń ṣọ́?" Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀, ó tún bẹ̀ ẹ́, títí wọ́n fi gba Tóyìn wọlé, tí wọ́n sì ṣe físà fún un.

Kò sí obìnrin nínú yàrá àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà níbẹ̀ kó tó dé. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé òun ló máa po tíì. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó máa wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ àwọn yòókù, ó sì wá a títí wọ́n fi ń sá fún un. Ará Íjíbítì kan á rí i tó ń bọ̀, á gbé ọwọ́ lé àyà: "Habibti, please, ṣàánú mi lónìí." Nígbà tó yá, wọ́n ní kóun náà kọ apá kan. Bó ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọ sátẹ́láìtì níléeṣẹ́ yẹn nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ní Iléṣà sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò, ó sọ fún àwọn tí kò béèrè pàápàá.

Àmọ́ ẹ fetí sí èyí o. Àṣìṣe àwọn ará Íńdíà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ àti ti ará Íjíbítì, inú ìpàdé ni Tóyìn ti ń sọ ọ́, lójú gbogbo ènìyàn, nítorí òfin iṣẹ́ wọn nìyẹn: ohun tó o bá rí, sọ ọ́ síta kí gbogbo wa jọ gbọ́. Ti ẹ̀gbọ́n Ọládèjì ńkọ́? Inú mọ́tò ni. Ẹ̀gbọ́n náà ń gbé Al Nahda, òun ló ń gbé Tóyìn lọ tó sì ń gbé e bọ̀. Tí wọ́n bá ti há sínú gò-sílò ìrọ̀lẹ́, Tóyìn á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bóyá kí ẹ tún yẹ apá ibí báyìí wò, tẹ́ ẹ bá ráàyè." Ẹ̀gbọ́n á bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, ojú ẹ mà mú o!" Tó bá fi máa di àárọ̀, ó ti tún un ṣe, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ta ni yóò bá Tóyìn wí? Ẹni tó fà ẹ́ wọlé, ṣé wàá dójú tì í lójú àlejò ni?

Nígbà tí wọ́n ṣe sátẹ́láìtì tuntun, wọ́n sọ ọ́ ní Húdíhúdì, orúkọ ẹyẹ tó jíṣẹ́ fún Ànábì Sùlàímánù. Kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa fi rọ́kẹ́ẹ̀tì yìn ín sókè, wọ́n ṣe ìpàdé ìkẹyìn. Ní ìpàdé yẹn, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ á máa bi ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá ó ní àtakò, ẹni tó bá ní rárá, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Ọládèjì dìde, ó ṣàlàyé ohun tí Húdíhúdì máa ṣe tó bá dákú lókè tó sì jí padà. Ó ní nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni kó pe ilé, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó wà láàyè.

Tóyìn rí àṣìṣe kan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ inú òkùnkùn ló jí sí ńkọ́, lẹ́yìn ayé níbi tí oòrùn kò dé? Ìpè yẹn á fa iná. Bátìrì rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á tún dákú. Á tún jí, á tún pè. Ó yẹ kó kọ́kọ́ wá ojú oòrùn, kó gba agbára, kó tó ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó wá wo ẹ̀gbọ́n níwájú, pẹ̀lú táì tuntun. Ọ̀gá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lójú gbogbo wọn pé ọkùnrin yìí ló máa di olórí gbogbo àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà.

"Tóyìn, any objection?"

"No, sir."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, inú ẹ̀gbọ́n ń dùn ṣìnkìn nínú mọ́tò. Ó pe ìyàwó rẹ̀ nílé, ó kọrin fún un lórí fóònù. Tóyìn dúró kó parí. "Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, bóyá kí ẹ tún wo ibi tó ti máa jí yẹn, tẹ́ ẹ bá ráàyè." Ẹ̀gbọ́n ní, "Màá wò ó, àbúrò mi." Ó tún tẹ nọ́ńbà ẹlòmíì.

Kò wò ó. Ìdùnnú kì í jẹ́ kéèyàn rántí nǹkan kékeré. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ Tóyìn lọ́kàn, ó sọ ọ́ fún Kàfáyàt níbi tí wọ́n ti ń dáná. Kàfáyàt ní, "Ṣebí o ti sọ fún un? Àgbà ni. Tó o bá tún sọ ọ́, ó di ìwọ̀sí." Tóyìn ní òótọ́ ni. Háà, Tóyìn! Ọmọ tó ń pariwo lé ará Íńdíà lórí nítorí àmì kan ṣoṣo! Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tẹlòmíì ni èyí bá dákẹ́.

Húdíhúdì gòkè, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ dàbínù. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fúngbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dákú, inú òkùnkùn ló sì jí sí. Wọ́n gbọ́ ìpè rẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́, ìpè tí kò lágbára. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ó tún pè. Ó tún dákẹ́. Kí wọ́n tó fèsì, ó ti tún dákú. Àwọn yòókù ń sáré kiri, wọ́n ń bira wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Tóyìn nìkan ló jókòó, torí òun mọ̀. Ó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń pe ilé, tí ìpè náà sì ń pa á, títí tí wọn ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n rí ibi tí àṣìṣe wà. Ọ̀gá àgbà wo gbogbo yàrá: "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni rí èyí kó tó lọ?" Tóyìn tẹjú mọ́ tábìlì. Físà rẹ̀ wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yẹn, ẹ̀rù sì bà á, ká má purọ́. Ó mọ̀ lára pé ẹ̀gbọ́n wo òun lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n wá ní, "No, sir. Kò sẹ́ni tó rí i. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Khalas, ó parí. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, físà rẹ̀ sì bá a lọ. Kò lè padà sílé lọ́wọ́ òfo, nítorí náà ó kó lọ sí Deira, ó wá físà mìíràn, ó ń bá àwọn oníṣòwò Èkó di ẹrù ní Al Ras. Kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sharjah mọ́. Àwọn tó ń kọ báàsì ò gbádùn mọ́ láti ìgbà náà. Iléeṣẹ́ sì fi Tóyìn sórí àga rẹ̀.

Tóyìn tún apá yẹn kọ. Sátẹ́láìtì tó tẹ̀ lé e náà dákú lókè, ó jí, ó kọ́kọ́ yíjú sí oòrùn, lẹ́yìn náà ló pe ilé. Iléeṣẹ́ ṣe àjọyọ̀. Ọ̀gá àgbà gbé àmì ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́, ó ní: "Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò rí àṣìṣe yìí. Olútóyìn ló rí i." Àtẹ́wọ́ sọ. Tóyìn di àmì ẹ̀yẹ náà mú, inú rẹ̀ bà jẹ́ débi pé kò lè dúpẹ́ tán. Ó wá kú èyí tó dùn ún jù. Ìyá rẹ̀ rí i lórí fóònù, ó bú sẹ́kún ayọ̀: "Ṣé o rí i? Ẹ̀kọ́ ilé tí mo kọ́ ẹ ló gbé ẹ débẹ̀!"

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pésẹ̀, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Tóyìn ò lè jẹun, kò lè sùn. Ní Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ métírò, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Al Ras.

Àpò ata àti àgbọn gbígbẹ kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn tó ń ti ọmọlanke ń pariwo kí wọ́n yàgò. Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ló ti rí i, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń lẹ páálí. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, ojú rẹ̀ tàn. "Tóyìn! Engineer wa! Mo gbọ́ pé ti tuntun yẹn gòkè, ó sì ń pe ilé!"

Tóyìn kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín ọjà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Mo rí i kó tó lọ. Mo rí i nínú ìpàdé yẹn."

"Mo mọ̀. O sọ fún mi nínú mọ́tò. Ṣé o rò pé mo gbàgbé ni? Dìde, èèyàn ń wò wá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Kí n ní àbúrò mi rí i, kò sọ? Kí wọ́n lè lé àwa méjèèjì?" Ó fa téèpù ya. "Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé o mọ iṣẹ́ yẹn jù mí lọ, Tóyìn. Èmi ni mo mú ẹ wọlé, mo mọ ohun tí mo mú wọlé. Ojú ẹ ni mo fi ń ríran. Ṣùgbọ́n ohùn tó o fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, bíi kéèyàn sọ fún mi pé táì mi wọ́ ni. Mo ní tó bá jẹ́ iná ló ń jó, Tóyìn á pariwo."

Tóyìn sunkún, ó sunkún gan-an. Ẹ̀gbọ́n ò mọ ohun tó máa ṣe, ló bá yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé páálí ìkòkò irin kan, ó fẹ́ gbé e lé orí páálí ife onígíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bóyá..." Tóyìn nu ojú.  "Rárá, ẹ̀gbọ́n! Ẹ má gbé e síbẹ̀. Ó máa fọ́."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n dúró lójú kan. 

"Níbo ni ohùn yìí wà lọ́jọ́ náà?" ló bi í.

 Tóyìn bẹ̀rẹ̀, ó di etí kejì páálí náà mú, wọ́n sì jọ gbé e sílẹ̀.