Wáìnì Ọjọ́ Ìsinmi

Mo rántí ìgbà tí ọwọ́ mi kì í yéé ta mí láti ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi títí di ọjọ́ Ajé. Omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló ń fà á. Bí èèyàn bá bó ẹyọ kan, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bó o kún abọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò mọ̀ pé èso yẹn ní eyín. Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bí mo bá di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú pátákó, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á wọ inú gbogbo ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ tó wà ní ìka mi. Oyún àkọ́bí mi wà nínú mi, ó sì ń rẹ̀ mí lọ́nà tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Ìgbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ya wọ ìlú ni. Ọkọ mi jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Àpápá tó ń gba ẹrù ọkọ̀ ojú omi, kò sì sí ohun tí ọkọ̀ ojú omi kì í kó wá lákòókò yẹn. Wáìnì pọ̀ débi pé àwọn tí kò mọ̀ ju ẹmu lọ tẹ́lẹ̀ ti ń fi ṣe àlejò. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìgò wáìnì kan wálé, irú èyí tó máa ń hó bíi mínírà, tí ìdérí rẹ̀ máa ń fò bí ìbọn. Ó ní àwọn rí i ní ilé òyìnbó kan, wọ́n gé èso sínú rẹ̀, wọ́n sì ń bù ú fún àlejò láti inú abọ́ gíláàsì.

"Tíṣà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan, "ṣé o lè ṣe é? Ọ̀gá wa fẹ́ wá kí wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè o."

Mo ní kí ni mi ò lè ṣe! Ojú ń yá mi nígbà yẹn, mo sì ka ara mi sí èèyàn ńlá. Mo rò ó pé àwọn òyìnbó kò ní agbálùmọ̀, nítorí náà mo fún agbálùmọ̀ sínú wáìnì tèmi kí n lè ju tiwọn lọ. Ọkọ mi tọ́ ọ wò. Oje agbálùmọ̀ lẹ ètè rẹ̀ mọ́ra, ó ń gbìyànjú láti yìn mí, ọ̀rọ̀ kò sì jáde dáadáa. A rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi kan ògiri.

Nígbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Kò le rárá. Màá gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n, èyí tí àwọn obìnrin ń rù wá láti oko Ìgándò, màá gé ọsàn róbótó tòun tèèpo, màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ lé e, màá wá bu ṣúgà sí i kí èso lè sun omi. Yìnyín ló kàn. Wáìnì ló máa ń kẹ́yìn, màá dà á jẹ́jẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ abọ́. Èèyàn kò gbọdọ̀ rò ó, torí bó bá rò ó, híhó rẹ̀ á tán, á wá dà bí omi ọsàn àná.

Ọ̀gá wá lọ́jọ́ Ìsinmi náà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sá tẹ̀ lé e nínú eruku títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó mu ife kan, ó mu ìkejì, ó fi ahọ́n lá ètè. Nígbà tó dìde láti lọ, mo sọ ohun tí ọmọlúàbí èyíkéyìí máa ń sọ: "Ṣé ẹ ti fẹ́ máa lọ ni, sà? Ẹ ò tiẹ̀ jókòó. Ẹ tún máa bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè o."

Ọ̀gá tún jókòó. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá, ó mú ẹni méjì dání láti ọ́fíìsì. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ọ̀gá, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà ni mo sọ, ṣùgbọ́n ó sọ fún àwọn tó kù pé, "Ìyàwó wa ló ní ká máa bọ̀." Ẹnu tèmi ló fà á, mi ò rí ẹni bá wí.

Bó ṣe di ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Iná mànàmáná kò tíì dé àdúgbò wa, nítorí náà bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá wọkọ̀ lọ ra yìnyín l'Ágége. Wọ́n á fi àpò ìdọ̀họ dì í fún mi, omi rẹ̀ á máa ro sí mi lẹ́yìn títí n ó fi délé. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀pẹ̀ òyìnbó, lẹ́yìn ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló kan àlejò. Ọkọ mi ni wọ́n máa ń kí kú ìnáwó. Bí wọ́n bá lọ, ife wà níbẹ̀ tí n ó fọ̀. Òórùn wáìnì náà pàápàá ti ń mú kí èébì máa gbé mi nítorí oyún. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń pè é, mi ò mọ ẹni tó ń sinmi níbẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ mi, ojú ibẹ̀ sì jìn sínú, kò padà bọ̀rọ̀. Ó wò mí lójú. "Màdáámù, ẹ lọ dùbúlẹ̀ o. Tí ẹ ò bá sinmi, ọmọ yìí lè má dúró."

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń rọra fi ọwọ́ pa á. Ṣùgbọ́n ipò kan ṣí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, ọ̀gá ló sì máa mú ẹni tó máa bọ́ síbẹ̀. "Sọ́ńdè yìí nìkan, jàre," ló wí. Mo ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ, mo sì tún ṣe é.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti bọ́ bàtà. Bàtà kò bọ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó wà nílẹ̀, ẹ̀rù bà mí nítorí ọmọ inú mi. Ọkọ mi yọjú. "Tíṣà, wọn ò ní pẹ́ dé o."

Mo ní, "Ẹ ṣe é fúnra yín."

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Inú kò bí mi, agbára tí n ó fi bínú kò sí. "Ó rẹ̀ mí," mo ní. "Tí wọ́n bá bèèrè mi, ẹ sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí." Mo bá dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ. Kò lọ ra yìnyín. Wáìnì ló kọ́kọ́ dà sínú abọ́, ó wá mú ọmọrogùn, ó ń rò ó bí ẹni ro àmàlà. Mo fẹ́ pariwo pé kó má rò ó, ara mi kọ̀. Àwọn àlejò dé. Mo gbọ́ tí ọ̀gá mu ún tó wúkọ́. "Èwo ni ti òní yìí? Ìyàwó wa dà?"

Mo mọ̀ pé ipò yẹn ni ọkọ mi ń rò, torí èmi náà ń rò ó níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. "Ó rẹ̀ ẹ́, sà," ló wá wí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n ní oyún náà lè bàjẹ́. Ẹ má bínú, sà, a ò ní lè gbàlejò mọ́ títí tó fi máa bímọ."

Ọ̀gá ní, "Háà. O ò sì sọ fún wa." Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n lọ. Ọmọ náà yí lẹ́ẹ̀kan nínú mi, mo sì sùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ipò náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó dun ọkọ mi gan-an, kò sì fi ìdùnnú bò ó, ṣùgbọ́n kò dá mi lẹ́bi rí títí ó fi kú. Obìnrin la fi oyún náà bí, ó sì ti ju ọjọ́ orí tí mo wà nígbà náà lọ dáadáa báyìí. Ó ní ilé tirẹ̀, ó níṣẹ́, ó lọ́kọ, ó sì lálejò. Bó bá pè mí lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ àárẹ̀ lóhùn rẹ̀. Mo máa ń bi í bóyá ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó rẹ òun. Á ní, "Mọ́mì, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Mo máa ń ní kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún èmi ná.