Ọkọ̀ Méjì Tó Jẹ́ Ọbàkan

Lọ́jọ́ tí a ṣiṣẹ́ pọ̀ kẹ́yìn, Bàbá tẹ páálí ṣúgà mọ́ ojú ẹ́ńjìnnì, ó ń fi òòlù kékeré lu etí ihò ibẹ̀ jẹ́jẹ́, kó, kó, kó, títí irin fi gé páálí. Ẹ̀kọ mímu rẹ̀ ti tutù lórí táyà. Òórùn bẹntiróòlù àti gírísì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Bẹẹrẹ, níbi tí ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Àbúrò ìyá àgbà mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Takisí ló wà níwájú wa. Bí èrò bá kún un, kò lè gun òkè Mápó. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì máa bi awakọ̀ pé ṣé kí àwọn bá a gbé e ni. Awakọ̀ wá rí kábúrétọ̀ oníbejì, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ eré ìje kan, ilé iṣẹ́ tó ṣe takisí náà ló ṣe ọkọ̀ yẹn. Bàbá ní ọmọ ìyá ni ọkọ̀ méjèèjì, pé yóò bá a mu. Nítorí ọ̀rọ̀ Bàbá, awakọ̀ ta kábúrétọ̀ tirẹ̀.

Páálí yẹn ló tú àṣírí. Nígbà tí a gbé e lé ojú kábúrétọ̀, ihò kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ju ìbú ẹ̀wà kan lọ. Mo ní kí n fi fáìlì tí a fi ń há irin fẹ ihò ti ẹ́ńjìnnì. Bàbá kọ̀. Ó yíjú sí awakọ̀.

“Ọ̀gá dírẹ́bà, má bínú. Èmi ni mo ṣì í. Bàbá kan ló bí wọn, ìyá wọn yàtọ̀. Ọbàkan ni wọ́n.”

“Bàbá, ìyàwó mẹ́ta ni bàbá tiwa fẹ́, a sì ń wọ aṣọ ara wa.”

“Ṣé ó máa ń bá yín mu?”

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ fẹ́. Bàbá ní bí ọbàkan méjì ò bá gbọ́ ara wọn yé, àgbà ló ń jókòó sáàárín wọn. Ó mú alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ kan, ó sàmì sí ibi tí ihò ti ẹ́ńjìnnì àti ti kábúrétọ̀ yóò wà, ó ní ó di ọ̀la, ojú ti ń ro òun.

Kò jí lọ́jọ́ kejì. Kí a tó kírun ọ̀sán, a ti sin ín. Awakọ̀ wá kí wa lẹ́ẹ̀mejì. Kò béèrè ọkọ̀ rẹ̀.

Mo ti dàgbà ju Bàbá lọ báyìí. “Èmi ni mo ṣì í”: ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi nígbà ayé rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ikú Bàbá, mo di alumíníọ̀mù náà mọ́ fáìsì tó ń di irin mú, mo fi dírílì ọwọ́ lu ihò sí ibi tí Bàbá sàmì sí. Mo tì í sáàárín ẹ́ńjìnnì àti kábúrétọ̀, mo fún nọ́ọ̀tì le, mo ní kí awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó kó èrò mẹ́rin. Mo dúró nísàlẹ̀ Mápó, mo ń wò wọ́n. Kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀.