Wọ́n Fẹ́ Kọ́lé Lé Mùínátù Lórí

Ẹ̀rù kì í ba ilé. Ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀ ló ń bà. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Mùínátù, opó Sàlàkọ́ bíríkìlà, fi sùn lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, oorun rẹ̀ a sì máa dùn bí oyin. Àfi ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù síwájú ilé.

Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà. Ó ta ìsàlẹ̀ fún Hanifah aránṣọ, ó fún Mùínátù ní òkè, ó sì kú. Ta ló tún ń ronú kan orí òrùlé? Zayd, ọmọ ìyálé rẹ̀, ló ronú kàn án. Ó ta orí òrùlé fún Adélékè, ọkùnrin kan tó ń kọ́lé tà, pé kó ṣí páànù, kó kọ́ àjà méjì mìíràn lé e.

"Ìyá Mardiyah, yàrá ni bàbá fún yín," ni Zayd wí. "Wọn ò fún yín ní sánmà."

"Sánmà kọ́ ló máa wó lù mí, Zayd. Búlọ́ọ̀kù ni."

Adélékè bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. A ti gbẹ́ iwájú ilé yìí wò. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí ẹ̀yìn ahun."

Èsì tí Mùínátù ní kò ṣeé sọ. Iwájú le lóòótọ́. Ẹ̀yìn ńkọ́?

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, kòtò ńlá ló wà níbi tí ẹ̀yìn ilé yìí wà báyìí. Ibẹ̀ làwọn ará ìgbàanì ti ń wa amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé, títí kòtò fi jìn ju ènìyàn mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká lọ. Nígbà tó yá, ó di ààtàn àdúgbò. Sàlàkọ́ ra ilẹ̀ náà ní ọ̀pọ̀, ó da yẹ̀pẹ̀ pupa bo ìdọ̀tí, ó gún un mọ́lẹ̀, ó sì gbé ẹ̀yìn ilé lé e.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Àjà kan ò wúwo. Ilẹ̀ á gbé e."

Ilẹ̀ sì gbé e. Láti Ìjagun dé Ìmùṣin ni wọ́n ti ń wí pé Sàlàkọ́ kì í kọ́lé kó sán. Ìyìn yẹn nìkan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ láyé. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ bà á jẹ́?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n kó búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ gòkè, wọ́n tò ó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mùínátù ń kí ìrun àílà, iwájú orí rẹ̀ wà lórí ẹní, nígbà tó gbọ́ ọ lábẹ́ rẹ̀: kẹ̀ẹ́ẹ́! Ó dákẹ́. Kẹ̀ẹ́ẹ́! Ògiri ẹ̀yìn là, ìka ènìyàn lè wọ̀ ọ́. Mùínátù kò mọ iye rákà tó ti kí mọ́. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Hanifah, gbé ọmọ rẹ yẹn jáde."

"Màmá, kí ló dé?"

"Gbé e jáde ná! Kí o sì pe Adélékè, kó mú ṣọ́bìrì wá sẹ́yìnkùlé."

Wọ́n pé jọ. "Ṣé góòlù lẹ rì síbẹ̀ ni?" ni Zayd ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ohun tí bàbá rẹ rì síbẹ̀ kì í ṣe góòlù. Ẹ gbẹ́ ẹ."

Gilbert, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, gbẹ́ ẹ. Títí dé orúnkún, yẹ̀pẹ̀ pupa ni. Nígbà tó dé ìbàdí, ṣọ́bìrì wọlé bí ọ̀bẹ tó wọ mọ́ínmọ́ín. Àpáàdì jáde, ìwo ewúrẹ́ jáde, bàtà jíjá jáde, òórùn kan sì tẹ̀lé wọn. Ó ti irin kan bọ ibẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo. Irin náà ń lọ, ó ń lọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ilẹ̀ kọ́ rèé o! Ààtàn ni!" Ó fò jáde.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Adélékè. Ó ní kí wọ́n máa kó búlọ́ọ̀kù sọ̀ kalẹ̀, òun ò kọ́lé kankan mọ́. Zayd pàápàá bá wọn rù ú. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn kí wọ́n rọra, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin.

Hanifah ò kúrò lójú kan. "Màmá, ẹ mọ̀," ló wí. "Gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ mi ń sùn síbẹ̀, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

Kó tó di àlàásárì, Hanifah ti di ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹní sínú ọkọ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò kí Mùínátù pé ó dàbọ̀. Ìsàlẹ̀ ṣófo. Kò sẹ́ni tí yóò kọ́lé lé Mùínátù lórí mọ́, ohun tó fẹ́ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ wà lókè, ẹní rẹ̀ wà lókè, fóònù tí yóò fi pe Mardiyah ọmọ rẹ̀ wà lókè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ó dúró, ó ń tẹ́tí sí ilẹ̀.