Ọwọ́lẹnu Di Ìkúùkù

Ọwọ́lẹnu kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará ilé ìfọṣọ ló fún un, nítorí ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ náà ló sì fi ń gbọ́. Adití ni wọ́n bí i. Nígbà tó di ọmọge, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, títí kò fi rí nǹkan kan mọ́. Àwọn ẹbí ní ó parí. Wọ́n ń bu oúnjẹ fún un, wọ́n ń fà á lọ́wọ́ bí ẹni ń fa àgùntàn, kò sì sẹ́ni tó ń bá a sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tó bá rò pé kékeré ni, kó gbìyànjú rẹ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ló yọ ọ́. Ilé ìfọṣọ kan ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún ilé ìwòsàn, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn ká a. Ibẹ̀ ló ti bá Ẹlẹ́rìn-ín pàdé, obìnrin bíi tirẹ̀, etí ò gbọ́, ojú ò ríran. Ẹlẹ́rìn-ín ti gbọ́ èdè ọwọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì fi kọ́ Ọwọ́lẹnu. Àtẹ́lẹwọ́ ara wọn ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ sí. Ẹni tó ń gbọ́ á máa fi ọwọ́ kejì tẹ apá ẹni tó ń sọ̀rọ̀, bí àwa ṣe ń wí pé "ẹ̀n-ẹ́n". Bí ọ̀rọ̀ bá dùn, á fi èékánná ha á lápá. Ẹ̀rín nìyẹn. Ẹlẹ́rìn-ín kì í yé ha èèyàn, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ.

Ẹni méjì ní í ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á fà á, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, igun á kan igun, ọwọ́ á kan ọwọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń kọjá. Wọ́n á tún yà, wọ́n á tún pàdé.

"Ọkọ ẹ ńkọ́?" Ọwọ́lẹnu á bi í.

Wọ́n á ká ẹyọ kan.

"Ó ń sùn nígbà tí mo jáde."

Wọ́n á ká òmíràn.

"Ṣé ó ṣì ń hanrun?"

"Èmi adití lò ń bi? Bẹ́ẹ̀dì ṣáà ń gbọ̀n."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, aṣọ kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀gá tuntun wá dé. Ó dúró, ó wò wọ́n títí.

"Kí làwọn èyí ń ṣe? Wọ́n ń fọwọ́ pa ara wọn lára níbi iṣẹ́?"

Ìyá Áyọ́ọ̀nù, obìnrin tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó sì ti gbọ́ díẹ̀ nínú èdè náà, dá a lóhùn. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ọwọ́ wà fún iṣẹ́. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹlòmíì nínú gbọ̀ngàn yìí."

Ó mú Ọwọ́lẹnu lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti Ẹlẹ́rìn-ín mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Ó wá ẹni tó ń ríran tí á máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká aṣọ. Àwọn yẹn á gbé igun aṣọ lé orí tábìlì kí ọwọ́ má baà kan ọwọ́.

Nínú gbọ̀ngàn yẹn, rédíò ń ké látàárọ̀. Àwọn alọṣọ ń jà lórí bọ́ọ̀lù, awakọ̀ ń bú awakọ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀, etí ẹ̀ kì í kúrò lára fóònù. Kò sẹ́ni tó dí ẹnu ìkankan nínú wọn. Àwọn méjì tí kò lẹ́nu ni wọ́n dí lẹ́nu.

Kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí fún wọn. Ọwọ́lẹnu fọwọ́ wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí tábìlì ká, kò bá a. Ó rò pé ó ti kú. Ó délé, ó bi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ṣùgbọ́n "jẹun" àti "sùn" nìkan nìyẹn mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní kó jẹun.

Ìgbà tó yá ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù ká a mọ́ ilé ìyàgbẹ́, ó sáré sọ ọ́ sí i lọ́wọ́. "Ó wà níbí. Ọ̀gá ló yà yín. Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́."

"Kí la ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Ó dáa," ni Ọwọ́lẹnu wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dé ìdí tábìlì, ó di ọwọ́ méjèèjì ní ìkúùkù. Wọ́n na aṣọ sí i, aṣọ já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá dé, ó pariwo. Ó tún pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn alọṣọ ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ.

"Sọ fún un pé bí kò bá ṣiṣẹ́, kó máa lọ sílé."

"Ẹ ní ká má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, sà," ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù wí.

"Mo ní kó o sọ fún un!"

Ìyá Áyọ́ọ̀nù gbìyànjú, ìka ò ṣí. "Ó ti dí etí ẹ̀, sà."

Ọ̀gá fà á lápá, Ọwọ́lẹnu jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lóde, mọ́tò ilé ìwòsàn tó wá kó aṣọ ń fun fèrè. Ọ̀gá tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹlòmíì kúnlẹ̀, ó ń ṣí ìka obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí agolo. Bó ṣe ń ṣí ọ̀kan ni òmíràn ń padà.

"Kí ló tiẹ̀ fẹ́ gan-an?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, sà."

Ó dìde. Ó lọ sí ẹ̀yìn, ó fa Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́ wá, ó gbé ọwọ́ náà lé ìkúùkù. Ìkúùkù ṣí.

"Ṣé o ò kú?" Ọwọ́lẹnu bi í.

"Èmi? Ìwọ ni mo rò pé ó kú. Ọ̀gá ló mú mi wá, ọwọ́ ẹ̀ ń làágùn."

"Ó tọrọ àforíjì?"

"Rárá."

Wọ́n dìde, wọ́n fa aṣọ.

Wọn ò yà wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò tíì tọrọ àforíjì. Bí àlejò bá wá wo ilé ìfọṣọ, á na ìka sí wọn, á ní àánú wọn ló ṣe òun, òun ló gbà wọ́n láyè kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ wọn. Ó dí èèyàn lẹ́nu, ó yọ ọwọ́ kúrò, ó wá ń pè é ní àánú. Ìyá Áyọ́ọ̀nù máa ń sọ ohun tó wí fún wọn. Wọn kì í ha ara wọn lápá sí ìyẹn.