Ọjọ́ Tí Bíréèkì Já Lọ́nà Kúta

Ọjọ́ tí bíréèkì píkọ́ọ̀pù bàbá mi já kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Kúta la ti ń bọ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ Ìwó, bàbá tẹ bíréèkì títí, ọkọ̀ kò dúró. Wọ́n yọwọ́ síta, wọ́n ń jù ú pé káwọn èèyàn yà lọ́nà. Àwọn yẹn ń juwọ́ padà: "Ẹ kú àbọ̀ o!" Géńdé kan tiẹ̀ fẹ́ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lójú títì! Bàbá yà wọ oko ẹ̀gẹ́, ebè ló dá wa dúró.

Mẹkáníìkì fa ọ́ìlì bíréèkì jáde, ó dúdú bí àdín.

"Alájì, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́yìn?"

Bàbá wò ó sùn-ùn. "Ṣé wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀ ni?"

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá juwọ́ sí mi látinú ọkọ̀, n kò mọ̀ bóyá kí n kí i ni, tàbí kí n sá.