Ọsàn Tí Mo Gbé Lọ sí Oto

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ọjọ́ Àìkú, nínú pálọ̀ kan ní Oto tí ó ń rùn fún káńfọ̀ àti abọ́ ike tuntun. Àwa mẹ́ta ni a wà níbẹ̀: èmi, bàbá onílé, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n to abọ́ ike léra wọn dé etí fèrèsé, pupa lórí àwọ̀ ewé. Mo ti jókòó, mo ti gbé báàgì ọsàn sí àárín ẹsẹ̀ mi, mo sì ti ń kí wọn kí n tó ṣàkíyèsí pé eruku ti bo gbogbo abọ́ náà. "Ẹ kú ewu o, sà," ni mo wí. "Ìyàwó mi ló ní kí n wá bá òun kí màmá, pé Ọlọ́run yọ wọ́n." Bàbá náà wò mí. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí a ti ń wo ẹni tí ó ṣi ilé wọ̀.

"Ewu wo?" ni ó béèrè.

Kí o tó lè mọ ohun tí ó gbé mi dé ilé ẹni tí n kò mọ̀ rí, mo ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. Káfíńtà ni mí. Mushin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Àgùdà ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, àwa méjì péré, nítorí àwọn ìbejì wa ti dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé. Ìyàwó mi, tí ó ti di olóògbé báyìí, rí kókó kan ní ọmú rẹ̀ ọ̀tún. Kò sọ fún mi títí ó fi tó kóró àgbálùmọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì sọ fún wa láìfi epo bọyọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, pé iṣẹ́ abẹ ni yóò kọ́kọ́ gbà kí ó tó tàn ká. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a délé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ bo àyà. "Bàbá Ìbejì," ni ó wí, "ọmú yìí ni àwọn méjèèjì mu dàgbà. Wọn ò ní gé e sọnù bí ẹni gé pákó." Pákó ni mo ń gé ní tèmi láti àárọ̀ dé alẹ́.

Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ó sọ fún un nípa ibì kan ní àdúgbò wa. Ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ tónítóní, táìlì funfun ló wà nílẹ̀, kò sí ìgbín, kò sí agbárí ẹranko kankan. Ẹni tí ó ni ín wọ kóòtù funfun, ó fi ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn, Dókítà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìwé ẹ̀rí mẹ́rin márùn-ún wà lára ògiri nínú gíláàsì. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹni tí ó bá sì pẹ́ kí ó tó mọ̀wé, ìwé tí wọ́n fi gíláàsì bò máa ń tètè bà á lẹ́rù. Orúkọ rẹ̀ hàn gedegbe lára gbogbo wọn. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó fún un ni kò hàn.

Kò bú ilé ìwòsàn. Ó kàn mi orí ni, bí ẹni pé àánú ń ṣe é. Ó di ọwọ́ ìyàwó mi mú, ó jẹ́ kí ó sọ ti ẹnu rẹ̀ tán, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ráyè ṣe fún un níbi tí a ti tò láti ìdájí. "Wọ́n á gé e, Mọ́mì," ni ó wí, "ṣùgbọ́n gbòǹgbò ńkọ́? Ọ̀bẹ kì í ká gbòǹgbò. Ṣe ló máa ń lé e káàkiri inú ara." Ohun tí ìyàwó mi ti ń fẹ́ kí ẹnì kan bá òun sọ nìyẹn. Ọkùnrin náà fún un ní omi dúdú nínú ìgò àti ìyẹ̀fun tí yóò máa fi pa ọmú, ó sì ka èèwọ̀ fún un. Kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan epo pupa. Kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ó ń lò fún ẹnikẹ́ni ní ilé ìwòsàn. Ẹni méjì tí ó bá sì ń lo oògùn náà kò gbọdọ̀ bẹ ara wọn wò, kí àìsàn ọ̀kan má bàa yà bá èkejì. Eléyìí ṣàjèjì sí mi, nítorí ní ilẹ̀ wa, àìsàn gan-an ni a fi ń bẹ ara wa wò. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti mi orí pé òun gbọ́.

Ohùn kan wà ní ojú ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ òpó, láti àárọ̀ ni obìnrin kan ti ń jẹ́rìí nínú rẹ̀: "Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Alábọ́, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ní Oto ni mo ń gbé. Ibi tí àìsàn gbé mi dé, isà òkú ló kù. Ẹ wò mí lónìí o. Mò ń jẹun, mò ń gbé ẹrù, àwọn tó ti ń pín abọ́ mi, ẹ dá a padà." Lẹ́yìn náà ni ó máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ó há díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. A ń gbọ́ ọ láti yàrá wa. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní obìnrin yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Kò pẹ́ tí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ oògùn náà tí ìrora rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ó ń sùn, ó ń jẹun, ó tún ń bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, ọmọbìnrin tí ó ń ta oògùn níbẹ̀ gbé fóònù sí i lẹ́nu: "Mọ́mì mi, ẹ bá wa sọ ọ́, kí àwọn tó kù lè ní ìrètí." Ó sọ ọ́. Ó sọ orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò wa, ó ní ara òun ti yá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n lọ oògùn ìrora mọ́ omi dúdú yẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyàwó mi. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, bí ènìyàn bá bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, ẹni tí ó gbọ́ tí kò wá kí i kò yàtọ̀ sí ọ̀tá. "Ojoojúmọ́ ni obìnrin yìí ń bá mi sọ̀rọ̀," ni ó wí fún mi ní ọjọ́ Àìkú náà, bí a ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, "mi ò sì tíì kí i kú ewu. Bàbá Ìbejì, èèwọ̀ mú mi, kò mú yín. Ẹ bá mi lọ." Ó fúnra rẹ̀ ṣa ọsàn náà, ó ń tẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Èèwọ̀ tí Dókítà ṣe kò ka ìkíni kún. Ó gbàgbé pé Yorùbá ni àwa tí òun ń tà fún.

Bí mo ṣe dé pálọ̀ náà nìyẹn.

"Ẹ dákun, sà," ni bàbá náà wí, "ta gan-an ni ẹ wá kí?"

"Ìyá Alábọ́ ni."

Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "A ti ṣe àdúà ogójì ọjọ́ wọn," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá ní ẹnu mi, kò sì bójú mu. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn wọn láàárọ̀ yìí."

Mo sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ, mo sì sọ ohun tí ohùn náà ń wí. Bàbá náà ní òótọ́ ni, ìyàwó òun sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ara sì dẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmú rẹ̀, tí òun náà ní kókó nínú, fọ́. Wọ́n gbé e padà lọ bá ọkùnrin náà, ó sì bi í bóyá kò jẹ epo pupa. "Ó bú sẹ́kún," ni bàbá náà wí. "Ó ní òun tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná, òun tu ú dànù. Títí tí ó fi kú, ọbẹ̀ yẹn ló ń bẹ̀ mí fún."

Mo tún kí wọn. Mo ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú ìrọ́jú. N kò mọ ohun tí ènìyàn ń fi ọsàn ẹ kú ewu ṣe ní ilé ọ̀fọ̀. Ọmọbìnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí bàbá náà tó pè mí. Mo rò pé yóò bú ọkùnrin náà fún mi gbọ́ ni. "Àárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e sáfẹ́fẹ́?" ni ó béèrè. "Mi ò ní ohùn rẹ̀ lọ́wọ́. Fọ́tò ló kún ilé yìí."

Mo délé, mo bá ìyàwó mi tí ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ.

"Ṣé wọ́n gba ọsàn náà?"

"Wọ́n gbà á."

"Ara wọn ńkọ́?"

Mo sọ ọ́ fún un bí ó ti rí. Kò dáwọ́ dúró. Ó ṣa ẹ̀wà náà tán, ó da òkúta rẹ̀ nù. "Ó tọ́ ọbẹ̀ wò," ni ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, ó gbójú sókè. "Mo lá epo ní ìka mi lọ́jọ́ kan. Mi ò sọ fún yín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò pé èmi ni mo fà á tí kókó yìí fi ń tóbi sí i." Èmi kò mọ̀ pé ó ń tóbi. Àṣé ó mọ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé báwo ni a ṣe ń dá irú Dókítà yẹn mọ̀. Wọ́n ń retí ojú pupa àti ohùn líle. Ọkùnrin yẹn ní sùúrù ju ọ̀pọ̀ dókítà tí mo bá pàdé lẹ́yìn náà lọ. Àwọn dókítà wọ̀nyẹn sọ fún wa ní gbangba pé àwọn kan kú mọ́ àwọn lọ́wọ́, pé ti ìyàwó mi náà ti rìn jìnnà kí ó tó dé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì tún bá mi gbé fún ìgbà díẹ̀ tí mo dúpẹ́ fún. Káfíńtà tí ó bá ní àga òun kò yẹ̀ rí, irọ́ ló ń pa. Ní ṣọ́ọ̀bù Dókítà, ẹnikẹ́ni kì í kú. Àwọn tí ó jẹ epo pupa ló wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó tẹ̀lé èyí tí mo lọ sí Oto, èmi àti ìyàwó mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, bàbá Oto sì ti ṣáájú wa débẹ̀. Ó wọ jàlàbíà funfun, ó dúró sí abẹ́ òpó, ó gbé orí sókè. Ohùn náà sọ tirẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà dúró títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Lójú mi lọ́jọ́ náà, ńṣe ni ó ń fi àkókò ṣòfò. Nísinsìnyí tí èmi náà ń dá gbé ilé, mo mọ ohun tí ó ń ṣe.

Nígbà tí ó tó, ó yíjú sí àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ìyàwó mi lẹ̀ ń gbọ́ yẹn. A ti sin ín."

Ìyá àgbà kan dì mọ́ ìgò rẹ̀. "Bàbá yìí, ṣé ẹ ò fẹ́ kí àwa náà yá ni? Bóyá kò lò ó pé."

Dókítà jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣùgbọ́n ṣé Mọ́mì ò jẹ epo pupa?"

Ìyàwó mi ni ó kọjá lára mi lọ síwájú. "Èmi náà ti sọ nínú fóònù wọn pé ara mi yá," ni ó wí fún àwọn tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó fi ọwọ́ lé ọmú rẹ̀ ọ̀tún, níwájú gbogbo wọn, òun tí ojú máa ń tì láti bọ́ ìborùn níwájú nọ́ọ̀sì. "Kò yá. Ó ń tóbi. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi lókè yẹn lọ́la, ẹ rántí ẹnu tí mo fi sọ èyí."

Obìnrin kan péré ni ó dìde. Àwọn tó kù ń wo ilẹ̀. Mo gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo wò ó bóyá káàdì ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, mo sì na ọwọ́ dá kẹ̀kẹ́ dúró.