Òjò Tí Àǹtí Morónkẹ́ Rọ̀

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kogí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, kọ̀mpútà ṣì ṣọ̀wọ́n ní Kábà. Àǹtí Morónkẹ́, àbúrò ìyá mi, ní ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn olùkọ́. Tí kò bá sí oníbàárà, Àǹtí á ṣí ètò kọ̀mpútà kan tí wọ́n fi ń ṣẹ̀dá ìró, èyí tí ẹ̀gbọ́n wọn fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Àwọn àpótí kéékèèké á hàn lójú kọ̀mpútà náà. Ọ̀kan ń ké, òmíràn ń gé igbe náà kúrú, òmíràn ń mú un gbọ̀n. Àmọ́ kò sí èyí tó lè dá nǹkan ṣe, àfi bí Àǹtí bá ya wáyà láti ara ọ̀kan dé ara èkejì.

Ohun tó wù wọ́n jù ni kí ẹgbẹ́ eré ìjọ wa fi iṣẹ́ ìró sí wọn lọ́wọ́.

Eré Àjíǹde ọdún yẹn dá lórí ìlú tí ọ̀dá dá. Ní ìparí rẹ̀, òjò gbọ́dọ̀ rọ̀. Àǹtí ṣe òjò kan, Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun, olórí eré, sì kó ẹgbẹ́ wá gbọ́ ọ.

"Morónkẹ́, ta ló ń dín àkàrà níbẹ̀ yẹn?"

Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun ní tí kò bá dára ju báyìí lọ, àwọn á lọ yá kásẹ́ẹ̀tì ìró òjò ní Lọ́kọ́ja.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí tún ṣí ètò náà, wọ́n gbọ́ òjò wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mo gbàgbé atẹ́gùn. Òjò tiwa kì í wá láìrán atẹ́gùn ṣáájú."

Wọ́n mú àpótí tó ń hó ṣìì, wọ́n jẹ́ kó máa ga díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan kán sórí páànù, kí òmíràn pẹ́ kó tó tẹ̀lé e, kó tó wá di wàràwàrà. Ooru mú, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n sì yí sípíkà sókè.

"Òjò o! Ẹ bá mi kó láfún o!"

Ìyá Kíkẹ́lọmọ, aládùúgbò wa, ni. Orí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń sá láfún sí. Nígbà tí mo yọjú, àwọn obìnrin ti ń fi ìró ìdí wọn kó o. Ìyá Kíkẹ́lọmọ wòkè. Oòrùn ràn gan-an. Wọ́n tẹ̀lé ìró òjò náà dé fèrèsé, ọwọ́ wọn funfun.

"Morónkẹ́! Ìwọ lò ń rọ̀jò?"

"Okun o, Màmá," ni Àǹtí kí wọn, bí a ṣe ń kí ara wa ní Kábà. "Ẹ máà bínú."

"Gbé okun rẹ sọ́hùn-ún! Jáde wá bá mi tún un sá!"

Àǹtí jáde gba iwájú ṣọ́ọ̀bù. Lábẹ́ òrùlé níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun dúró sí, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n gbé báàgì lérí. Wọ́n wá sọ fún wa pé Lọ́kọ́ja ni àwọn ń lọ.

"Ẹ wọlé, sà," ni Àǹtí wí.

"Jẹ́ kó dá ná."

Wọ́n wo bàtà wọn. Oòrùn wà lórí rẹ̀. Wọ́n rọra sọ báàgì náà kalẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni ká wá gbé sípíkà yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ jẹ́ kí n sá láfún tán, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun ká ọwọ́ ẹ̀wù wọn sókè, wọ́n sì tẹ̀lé Àǹtí lọ sórí àpáta.